Fọ́ọ̀mù kan wà nínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí fọ́ọ̀mù kan fi wà nínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi. Ẹ má rò pé ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ ni. Fọ́ọ̀mù ìwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ ni, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí a ṣe ń ṣe síkáànì fún aláboyún. Mo ti kọ orúkọ mi, mo ti kọ ọjọ́ orí mi, mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọdún 14 ni mo ti fi ń gbẹ̀bí. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti béèrè pé "Kí ló dé tí o fi fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí?" ni bírò dákẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ká a, mo fi í sápò. Mo tilẹ̀ gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo rẹ aṣọ náà sínú omi ọṣẹ. Mo yára fà á yọ, mo sá a sẹ́nu fèrèsé. Ó gbẹ, àmọ́ ó ti wú, ó sì ti ní àbàwọ́n.

Gbogbo ẹni tí mo sọ fún, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń jáde lẹ́nu wọn: "Ṣé iṣẹ́ yẹn ti sú ọ ni?" Ìbá rọrùn ká ní ó ti sú mi. Iṣẹ́ tó bá ti súni, ẹsẹ̀ á ti kúrò níbẹ̀ kí ọkàn tó mọ̀. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ agbẹ̀bí. Mo fẹ́ràn òru inú yàrá ìrọbí, nígbà tí gbogbo ilé ìwòsàn bá ti pa rọ́rọ́, tó wá ku èmi, obìnrin tó ń rọbí, àti aago ara ògiri. Mo fẹ́ràn kí n gbé ọwọ́ lé ikùn, kí n máa ka iye ìgbà tí ìrora ń dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìgbà kan sì wà, bí ọrùn ilé ọmọ bá ti ṣí tó sẹ̀ǹtímítà méje tàbí mẹ́jọ, tí obìnrin náà á ní òun ò ṣe mọ́, kí ẹ jẹ́ kí òun máa lọ sílé òun. Àwa tí a ti pẹ́ nídìí rẹ̀ mọ̀ pé bó bá ti ń sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ ti ń bọ̀ lọ́nà nìyẹn. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sínú, mo máa ń di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Bí ọmọ bá ti délẹ̀, nǹkan márùn-ún là ń wò lára rẹ̀: àwọ̀ ara, bí ọkàn ṣe ń lù, bó ṣe ń ṣe bí a bá fọwọ́ kàn án, bí iṣan ṣe le sí, àti mímí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì òdo, 1 tàbí 2, a ó ṣírò rẹ̀ nígbà tó bá pé ìṣẹ́jú kan, a ó tún un ṣírò nígbà tó bá pé ìṣẹ́jú márùn-ún. Virginia Apgar, dókítà ará Amẹ́ríkà, ló gbé òdiwọ̀n yìí kalẹ̀ ní 1952, orúkọ rẹ̀ la sì ń pè é. Mo ti pe orúkọ obìnrin yìí ju orúkọ àwọn àbúrò mi lọ, n kò mọ̀ pé òun náà ti dúró sí irú oríta tí mo wà yìí, lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Iṣẹ́ abẹ ló kọ́kọ́ kọ́. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó lọ sídìí iṣẹ́ fífún aláìsàn ní oògùn akunnilóorun, ó sì lọ, ibẹ̀ ló ti bá àwọn ọmọ tuntun pàdé. Ní 1959, nígbà tó ti di ẹni àádọ́ta ọdún, ó tún padà di akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Johns Hopkins, ó gboyè nínú ìmọ̀ ìlera àwùjọ, ó sì kọjá sí àjọ March of Dimes, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nítorí àwọn ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù ara. Obìnrin tí gbogbo yàrá ìrọbí ń pe orúkọ rẹ̀ kò fi ẹ̀yìn tì sí yàrá ìrọbí.

Inú mi dùn fún bí ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí mo ka ìyẹn. Ọjọ́ kẹta ni mo bi ara mi pé, àwọn tó kúrò nídìí iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn, tí ibi tí wọ́n lọ kò gbà wọ́n, ta ló kọ ìtàn tiwọn? Ẹni tó já sí dáadáa nìkan là ń rí kà. Mo pa ìwé dé.

Màmá mi ní tiwọn kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Wọ́n ní, "Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ìwọ ti di ọṣẹ, kí lo tún ń wá kiri?" Mo ní, "Màmá, ọṣẹ kì í fọ aṣọ ẹyọ kan." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn ò gbà. Ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù ni ti ọmọdébìnrin kan tí mo kọ́ níṣẹ́, tí a jọ máa ń ṣe iṣẹ́ òru. Ó ní, "Àǹtí, ta wá lẹ fẹ́ fi wá lé lọ́wọ́?" N kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri bí ẹrù. Nígbà tó yá ni mo rí i pé ọmọ náà kò tíì mọ bó ti mọṣẹ́ tó. Láìpẹ́ yìí ló dá gba ọmọ tó fi ìdí wá, kí n tó wọ ìbọ̀wọ́ tán. Yàrá tó bá máa wó nítorí pé ẹnì kan kúrò níbẹ̀, ó ti ń wó tipẹ́, ẹni náà ló kàn ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbé e dúró.

Ẹ̀yìn tèmi gan-an sì ti ń sọ̀rọ̀. Ọdún 14 tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀, tí mo fi ń kúnlẹ̀, tí mo fi ń gbé obìnrin tó ti rẹ̀ tẹnutẹnu láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, ara kì í gbàgbé rẹ̀. Mo ronú kan Cicely Saunders, nọ́ọ̀sì ará Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ̀yìn ríro lé kúrò nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó di òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀ràn àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn, lẹ́yìn náà ó tún lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà, ó sì gboyè rẹ̀ ní 1957, nígbà tó ti ń lọ sí ẹni ogójì ọdún. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, 1967, ilé ìtọ́jú tó dá sílẹ̀ ní London fún àwọn tí ikú sún mọ́ ṣílẹ̀kùn. Aṣọ iṣẹ́ mẹ́ta ló wọ̀, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn kan náà ló ń padà sí. Ìyẹn wọ̀ mí lára ju ti Apgar lọ, torí ó mú kí n bi ara mi pé: èwo gan-an ni ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tèmi?

Kí n tó wádìí ìyẹn, mo lọ fojú rí iṣẹ́ tí mo fẹ́ lọ bá. Ọjọ́ ìsinmi mẹ́rin ni mo fi lọ jókòó ti obìnrin kan tó ń ṣe síkáànì. Yàrá náà ṣókùnkùn díẹ̀. Á pa jẹ́ẹ̀lì tútù sí ikùn, á máa ti ọwọ́ ẹ̀rọ náà lórí rẹ̀, á wọn ìbú orí ọmọ, á wọn ìyípo ikùn rẹ̀, á wọn egungun itan rẹ̀, gbogbo rẹ̀ nínú ogún ìṣẹ́jú. (Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ti pààrọ̀ iṣẹ́ rí o. Irú èyí tí wọ́n fi ń wá ibi tó sán nínú irin ni dókítà Ian Donald gbé wá sídìí ikùn obìnrin ní Glasgow, tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1958. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn ju bó ti yẹ lọ.)

Lọ́jọ́ kìíní, mo rí ibi ọmọ tó sùn dí ẹnu ọ̀nà. Ní yàrá ìrọbí, ẹ̀jẹ̀ la fi ń bá irú èyí pàdé, pẹ̀lú eré sísá àti igbe. Níbí, ó wà lójú ẹ̀rọ, oṣù púpọ̀ ṣì kù. Obìnrin náà jókòó, wọ́n ṣàlàyé fún un pé ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ló máa ń gòkè bí ilé ọmọ bá ti ń tóbi, wọ́n dá ọjọ́ tó máa padà wá. Kò sí ẹni tó sáré. Mo rántí ọmọ kan tí mo gbà lóru, tí mo gbé ọwọ́ lé ikùn ìyá rẹ̀ kí n lè dúró de ibi, tí mo bá orí mìíràn níbẹ̀. Ìbejì! Kò sẹ́ni tó mọ̀, ìyá pàápàá kò mọ̀, torí kò ṣe síkáànì kankan. Àwọn méjèèjì yè, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi gbọ̀n títí ilẹ̀ fi mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dámọ̀ràn láti 2016 pé kí aboyún ṣe síkáànì kan, ó kéré tán, kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24. Lọ́jọ́ tí mo wà nínú yàrá ṣíṣókùnkùn yẹn ni ìdí rẹ̀ wọ̀ mí léegun.

Ọjọ́ kẹta kò rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan sùn, ọwọ́ ẹ̀rọ rìn lọ rìn bọ̀, ohun tó yẹ kó máa ṣẹ́jú lójú ẹ̀rọ kò ṣẹ́jú. Ó béèrè pé, "Ṣé ó wà dáadáa?" Ní ibi tí mo wà yẹn, dókítà nìkan ló láṣẹ láti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Olùṣèsíkáànì nu jẹ́ẹ̀lì kúrò lára rẹ̀, ó ní dókítà máa bá a sọ̀rọ̀. Àwa méjèèjì ti mọ̀. Obìnrin náà ti mọ̀. Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó jáde, ẹlòmíràn sì wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Èmi tí mo ti bá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ jókòó láti ìrọ̀lẹ́ dòwúrọ̀ rí, tí mo ti bá wọn wẹ ọmọ tí kò ké, n kò mọ ohun tí mo máa fi ogún ìṣẹ́jú ṣe. Mo délé lọ́jọ́ náà, mo ní n kò ṣe mọ́. Pẹ̀lúpẹ̀lù, obìnrin tí mo jókòó tì náà fi èjìká rẹ̀ hàn mí, bí ọwọ́ ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ mọ́ ikùn lójoojúmọ́ ṣe sọ ọ́ dà. Mo ń sá fún ẹ̀yìn, èjìká ti jókòó dè mí.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ náà padà kò ju ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan lọ. Mo ní kí n máa kọ ọ́, lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìlà kan péré: ìgbà wo ni inú mi dùn jù lónìí? Ìgbà 22 ni mo kọ ọ́. Ó ti dá mi lójú pé ìgbà tí orí ọmọ bá yọ ni yóò kún inú rẹ̀. Mẹ́fà péré ni. Mẹ́ta jẹ́ àwàdà òwúrọ̀ láàárín èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Mẹ́tàlá tó kù, ọ̀rọ̀ àlàyé ni gbogbo wọn. Obìnrin tí omi rẹ̀ ya tó rò pé òun ti pa ọmọ, tí mo ya ilé ọmọ fún un sẹ́yìn páálí ìbọ̀wọ́, tí mo fi hàn án bí ọmọ ṣe ń yí orí bọ̀. Ọkọ kan tí ẹ̀rù ń bà ju ìyàwó rẹ̀ lọ. Ìyá àgbà tó fẹ́ mọ ìdí tí a kò fi tètè gé ìwọ́. Ìgbà tí ìbẹ̀rù bá kúrò lójú wọn, tí wọ́n bá mí kanlẹ̀, ìgbà yẹn ni mo ń kọ sílẹ̀ láìmọ̀.

Ó yà mí lẹ́nu, ó tilẹ̀ bí mi nínú díẹ̀. Ọdún 14 ni mo fi ń pe nǹkan kan ní ìfẹ́ ìgbẹ̀bí, tó sì jẹ́ pé ìfẹ́ mìíràn ló wọ aṣọ rẹ̀. Bí èrò ọkàn mi ṣe rí báyìí nìyí, ẹni tó bá fẹ́ jà, kó wá bá mi jà: pé èèyàn fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ kò tó ìdí láti dúró, bẹ́ẹ̀ ni kò tó ìdí láti lọ, níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì mọ apá ibi tí ìfẹ́ náà so mọ́. Orúkọ iṣẹ́ kò sì lè sọ fún un. Iṣẹ́ síkáànì kan náà ni wọ́n ń ṣe ní yàrá tí wọ́n ti dì mí lẹ́nu yẹn, iṣẹ́ síkáànì náà ni wọ́n ń ṣe ní ibòmíràn tí mo lọ béèrè, níbi tí agbẹ̀bí tó kọ́ síkáànì ti ń yí ojú ẹ̀rọ sí obìnrin, tó láṣẹ láti sọ èyí tó dára àti èyí tí kò dára, tí yàrá kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ẹni tí ẹkún bá gbé. Ìbéèrè méjì ni mo bi wọ́n níbẹ̀: ìṣẹ́jú mélòó lẹ ń fún obìnrin kan, ta ló sì láṣẹ láti sọ̀rọ̀? N kò tíì béèrè iye owó oṣù.

Ti ọdún 14, mi ò ka ìyẹn sí òfò mọ́. Ọwọ́ mi ti mọ ikùn kí ẹ̀rọ tó dé ibẹ̀. Ohun tó ṣì ń dá mi níjì ni pé màá tún di ẹni tí kò mọ nǹkan kan, láàárín àwọn ọmọ tí mo lè bí, kí wọ́n máa tọ́ka sí ọkàn ọmọ lójú ẹ̀rọ, kí èmi máa wo kíndìnrín. Ìgbéraga ni, mo mọ̀.

Mo kọ èsì sí ibi tó ṣófo lórí fọ́ọ̀mù náà lọ́jọ́ Àìkú: "Mo fẹ́ràn kí n máa ṣàlàyé fún obìnrin ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀." Mo fi í ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àbàwọ́n ọṣẹ rẹ̀. Mo ti bẹ ọ̀gá mi pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa ṣe òru méjì lọ́sẹ̀ bí ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀. Wọn ò tíì fún mi lésì. Agogo mẹ́jọ alẹ́ òní, mo wọṣẹ́.