Pálọ̀ aláró

Ẹ bá mi bi àwọn ará Iléṣà, ta ló ní kí wọ́n máa kun pálọ̀ bí inú ìkòkò aró? Ẹni tó bá ti parí ilé báyìí, néfì búlúù ṣáá ni. Àwọn Pantone tó máa ń yan àwọ̀ ọdún lókè òkun ti mú Classic Blue fún 2020, wọ́n lò ó tán wọ́n bọ́ sórí òmíì, àwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń po tiwa.

Mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan nítòsí Èréjà ní Sátidé, aago méjì ọ̀sán, oòrùn ń ràn yòò níta, mo wọlé mo ní ẹ káalẹ́. Ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin néfì, kọ́tìnì néfì, pí-ó-pí òkè pàápàá ò ríbi sá sí, wíńdò kan péré. Mo ní kí n jókòó, mo jókòó lé ọmọ tó ń sùn. Wọ́n gbé mínírà wá, mo nawọ́ sí ife, rìmóòtù ni mo gbé sẹ́nu.

Mo ní ṣé kò síná ni? Ó ní iná wà, accent wall ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Accent kẹ̀! Ògiri kan ni wọ́n ń kùn o jàre, tí ìyókù á jẹ́ funfun tàbí kírímù, torí àwọ̀ tó bá ki báyẹn, ṣe ló ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Péńtà tiẹ̀ ti sọ fún un pé kó kun pátákó kékeré kan, kó gbé e ti ògiri, kó wò ó láàárọ̀, kó tún wò ó lálẹ́ tí wọ́n bá mú iná lọ. Ó ní rárá, òun ti rí i lórí fóònù. Fóònù tó níná nínú! Ṣé ògiri níná nínú ni?

Ó wá kó góòlù tì í: aago góòlù, kìnnìún góòlù, ìdè kọ́tìnì góòlù. Igi aláwọ̀ ilẹ̀ tí ì bá bá a mu dáadáa, ó ní ti ayé àtijọ́ ni. Eruku ọyẹ́ àti ọwọ́ epo àwọn ọmọ nìkan ló hàn ketekete lára ògiri ọ̀hún.

Ìyá ẹ̀ wọlé láti Ifẹ́wàrà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ta ló kú?" Ọ̀rẹ́ mi ní màámi, búlúù ni. Ìyá ní, "Dúdú ni, jàre."

Ìgbà tí mo ń lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù la fi wá bàtà mi. Mo dé Èréjà kí n tó wolẹ̀, ẹsẹ̀ kan dúdú, èkejì néfì. Bí mo bá padà lọ bèèrè, Ìyá á ní ọ̀kan náà ni.