Ọba Wàjà, Ewúrẹ́ Kú: Synonym Tí À Ń Há Sórí

Ọmọbìnrin kan nínú àwọn tí mò ń kọ́ ní lẹ́sìn ní Mushin kọ lẹ́tà nípa ìyá rẹ̀ tó ń ta léèsì ní ọjà Balógun. Ohun tó kọ ni pé: "My mother is a notorious trader." Mo fi bíírò pupa fa igi sábẹ́ "notorious". Ó dìde, ó yọ ìwé pẹlẹbẹ kan nínú báàgì rẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń tà nínú ọkọ̀ láti Òṣòdì dé CMS. "Àǹtí, ẹ wò ó, ó wà níbẹ̀." Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́: "famous: renowned, celebrated, notorious."

Mi ò bá a wí. Ìwé ọ̀hún kò sọ fún un pé ẹni tí ìwà burúkú sọ di mímọ̀ ni wọ́n ń pè ní "notorious". Ògbóǹtarìgì ni ìyá rẹ̀ nídìí òwò léèsì. Ìwé yẹn sọ ọ́ di ògbólógbòó, bí ẹni tí ọlọ́pàá ń wá kiri.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbà gbọ́ nìyẹn, àti òbí àti olùkọ́: pé bí ọmọ bá ti lè há ọ̀rọ̀ ńláńlá sórí, tòun ti synonym (ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọn ní ìtumọ̀) àti antonym (òdìkejì) wọn, ó ti gbọ́ gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Synonym kì í ṣe ọ̀rọ̀ méjì tó ní ìtumọ̀ kan náà. Ọ̀rọ̀ tó bá ara wọn tan ni, ẹbí sì lè wà tí wọn ò lè wọ aṣọ ara wọn.

Ẹ wo Yorùbá tiwa. "Kú", "ṣaláìsí", "papòdà", "wàjà". Ká ní àlejò kan há gbogbo wọn sórí láàárọ̀, tó wá dé ààfin ní Ìsàlẹ̀ Èkó tó ní ọba kú, ṣé wọ́n á jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀? Bó bá sì délé tó ní ewúrẹ́ òun wàjà ńkọ́? Ó mọ ọ̀rọ̀ náà o. Kò mọ ẹni tó ni ín.

Ti gẹ̀ẹ́sì tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìtàn ló sì fà á. Lọ́dún 1066, àwọn Norman wá láti ilẹ̀ Faransé, wọ́n ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èdè Faransé sì di èdè ààfin fún ìgbà pípẹ́. Látìnì ni ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti àwọn ọ̀mọ̀wé. Ìdí nìyẹn tí ohun kan fi ní orúkọ mẹ́ta: "ask" jẹ́ ti onílé, "question" gba ọ̀dọ̀ Faransé wá, "interrogate" wá láti inú Látìnì. Ọlọ́pàá ló ń "interrogate". Ọmọ tó bá kọ ọ́ pé òun "interrogated my grandmother about her health" ti sọ màmá àgbà di afurasí.

Antonym ńkọ́? Kí ni òdìkejì "old"? Bó bá jẹ́ bàbá ni, "young" ni. Bó bá jẹ́ mọ́tò ni, "new" ni. Nínú ìbéèrè 180 tí JAMB ń béèrè, 60 ni ti Use of English, inú gbólóhùn ni wọ́n sì máa ń fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń béèrè òdìkejì rẹ̀ sí. Ọmọ tó há "old, young" sórí láìwo gbólóhùn á mú ìdáhùn tí kò tọ̀nà, á sì dá a lójú pé òun gbà á.

Ẹ tún wo àwọn tàǹkà tó ń gbé epo jáde ní Àpápá. "HIGHLY INFLAMMABLE" ni wọ́n máa ń kọ sí wọn lára. Ẹni tí wọ́n kọ́ pé "in-" máa ń yí ọ̀rọ̀ padà sí òdìkejì rẹ̀, bíi "correct" àti "incorrect", á rò pé tàǹkà yẹn kì í gbiná. Ó ń gbiná! "Flammable" àti "inflammable", nǹkan kan náà ni wọ́n ń sọ. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bà mí lẹ́rù, torí ẹ̀mí èèyàn wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń bá a rìn ni kí ọmọ kọ́. Yorùbá ń jẹ gbèsè, ó ń jẹ oyè, ó ń jẹ ìyà. Kò sẹ́ni tó ń mu gbèsè. Bẹ́ẹ̀ náà ni òjò ṣe jẹ́ "heavy" lédè gẹ̀ẹ́sì, tí tíì jẹ́ "strong", tí wọ́n ń "commit" ọ̀ràn ṣùgbọ́n tí wọ́n ń "make" àṣìṣe. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ mi lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní gbólóhùn méjì tí wọ́n kà nínú ìwé ìròyìn tàbí tí wọ́n gbọ́ lórí rédíò. Àwọn òbí kan ní ó kéré jù, pé ogún ni ọmọ aládùúgbò ń há sórí lójúmọ́. Mo máa ń ní kí wọ́n pe ọmọ ọ̀hún, kó fi márùn-ún nínú ogún yẹn sọ̀rọ̀.

Ọmọ onílẹ́tà yẹn tún tiẹ̀ kọ. "My mother is well known in Balogun for her lace." Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kejì pé ìyá òun ní kí òun kà á lẹ́ẹ̀mejì.