Ta ni pisikolọ́ọ̀gù gidi ní Àjàṣẹ́ yìí?

Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun. Oṣù méjì ni mo ti ń wá pisikolọ́ọ̀gù tó níwèé, ìyẹn ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ tọ́jú ọkàn èèyàn, fún àbúrò mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) yìí, ohun tí ojú wa sì rí lánàá ni kò jẹ́ kí n lè sùn lóru yìí.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ ní eyín ń dùn yín, ogún èèyàn ló máa júwe ibi tí ẹ máa lọ. Ẹ ní àbúrò yín kò rí oorun sùn mọ́ látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú lórí ìkúnlẹ̀, kí ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ. Ẹnì kan á ní kí ẹ gbé e lọ sí Sẹ̀lẹ́. Òmíràn á ní àáfà kan wà lẹ́bàá ọjà Wándó. Ẹ̀kẹta á rẹ ohùn sílẹ̀: «Àbí orí rẹ̀ ti ń dàrú ni?» Orí rẹ̀ ò dàrú! Ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń kí èèyàn. Àmọ́ tílẹ̀ bá ṣú, á tẹ́ ìró ìyàwó rẹ̀ sórí ibùsùn, á máa fọwọ́ nà án kó má bàa hunjọ, á sì jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi mọ́. Èmi ni mo fojú mi rí i.

Ẹnì kan ló júwe ibi tí a lọ lánàá. Wọ́n kọ «Cabinet de psychologie», ìyẹn ọ́fíìsì pisikolọ́ọ̀gù, gàdàgbà sára pátákó. Kẹ̀kẹ́nọ̀ méjì la gùn láti Àtakẹ́, ìlọ́po méjì owó ni wọ́n gbà torí pé òjò ṣú. Òjò ò tíì rọ̀ o, ó kàn ṣú ni! A san 15,000 sẹ́fà ká tó jókòó, a sì jókòó láti aago mẹ́sàn-án di ọ̀sán gangan. Nígbà tí ọ̀gá dé, ó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, gbogbo àwọn tó ń dúró ń gbọ́ wa. Ó ń fi Faransé ka ìbéèrè látinú ìwé, ó ń fi báírò sàmì. Àbúrò mi gbọ́ Faransé dáadáa, òun ló fi ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi Faransé sunkún ìyàwó rẹ̀? «Ça va.» «Oui, monsieur.» Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní, «Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó fi Yorùbá sọ ọ́.» Ó ní Faransé ni wọ́n fi kọ ìbéèrè òun.

Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó fa bébà yọ, ó kọ oògùn oorun. Oògùn! Pisikolọ́ọ̀gù kì í kọ oògùn. Dókítà ọpọlọ ló ń kọ ọ́, torí iṣẹ́ ìṣègùn lòun kọ́kọ́ kọ́. Ọ̀rọ̀ niṣẹ́ ti pisikolọ́ọ̀gù: kó bi ọ́, kó gbọ́ ọ, kó ní kó o padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní níbo lẹ ti kọ́ṣẹ́? Ó nawọ́ sí ìwé kan tó gbé kọ́ ara ògiri. Mo sún mọ́ ọn, mo kà á. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta! Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ń lo ọdún mẹ́ta!

Ẹ má wí fún mi pé Jacquot wà ní Kútọnu. Mo mọ Jacquot, ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba ni. Ọ̀nà rẹ̀ tó 30 kìlómítà, àbúrò mi sì ti búra pé òun ò ní dé ibẹ̀, torí ojú tí àdúgbò máa fi wo òun. Grégoire Ahongbonon, tó ń ṣe iṣẹ́ taya tẹ́lẹ̀ ní Bouaké ní Ivory Coast, ti lé ní 30 ọdún tó ti ń tú ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀ àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà, ó sì ní ibùdó ní Avrankou nítòsí wa níbí. Ọlọ́run á san án fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò tíì dójú ẹ̀wọ̀n ńkọ́? Ṣé ká dúró kó débẹ̀ ni?

Kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo pisikolọ́ọ̀gù tó níwèé, ibi tí wọ́n ti kọ́ṣẹ́ àti èdè tí wọ́n gbọ́, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri mérì, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìlú, àti gbogbo ilé oògùn kó tó di ọjọ́ Ajé. Kí ọkùnrin yẹn sì dá 15,000 wa padà. Iná yàrá àbúrò mi ṣì ń tàn. Ó ti tẹ́ ìró náà.