Afẹ́fẹ́ Ló Ń Tú Ọdẹ Fó, Kì Í Ṣe Ewé

Àbúrò mi kan tó wà ní Sìkọ́tílándì fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ àná. Òun àtàwọn òyìnbó méjì ń yọ́ tẹ̀lé àgbọ̀nrín nínú yìnyín. Ó ní kí n wo bí ilẹ̀ ṣe pa rọ́rọ́, pé ọdẹ tọ̀hún rọrùn ju ti Ẹ̀kìtì lọ. Ẹni tí kò gbé fìtílà ọdẹ rí nílé!

Òótọ́ ni pé yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ máa ń gbé ariwo mì, torí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ bí òwú. Ṣùgbọ́n tó bá yọ́ lọ́sàn-án tó tún dì lóru, ojú rẹ̀ á le, ẹsẹ̀ á máa dún lórí rẹ̀ bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Òun náà gbà pé òfo làwọn bọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Yìnyín ni tiwọn, ọyẹ́ tó ń gbẹ ewé ni tiwa. Láti 21 oṣù Kẹwàá sí 15 oṣù Kejì ni òfin gbà kí wọ́n pa abo àgbọ̀nrín pupa lọ́hùn-ún. Láàárín ìgbà yẹn náà ni ọyẹ́ ń dé síbí.

Èrò tèmi ni pé àwa tí à ń ṣọdẹ báyìí ti gbájú mọ́ ariwo ẹsẹ̀, a gbàgbé imú ẹran tí afẹ́fẹ́ ń gbé òórùn wa lọ bá. Ẹlòmíì á bọ́ bàtà kí ewé má baà dún, á wá máa fa sìgá lọ nínú igbó. Àwọn tó ń tiná bọgbó kí ẹran lè sá jáde ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ìyẹn ní ọdẹ. Oko kòkó ẹni ẹlẹ́ni ló ń bá a jó.

Mo wà lọ́mọ ọdún 16 nígbà tí Bàbá mi mú mi gun òkè lápá Ẹ̀fọ̀n Aláayè láàárọ̀ ọyẹ́. Ó bu eérú ìdí àdògán sínú ọ̀rá. Níbi tá a bá ti dúró, á fọ́n díẹ̀ sókè, á wo ibi tó ń gbà lọ. Àríwá ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, a sì kọjú sí i gbọnrangandan, eruku ń kó sí wa lójú. Ikọ́ fẹ́ gbé mi. Bàbá ki orógbó sí mi lọ́wọ́ láìsọ̀rọ̀.

A rí àgbọ̀nrín kan létí odò, tótòtó funfun lára rẹ̀ bí ẹni ta ẹfun sí i. Mo gbẹ́sẹ̀, ewé fọ́, pàá! Ẹran gbórí sókè. Bàbá fẹsẹ̀ kan dúró bíi lékeléke, kò mira, títí ẹran náà fi tún tẹrí ba tó ń jẹ lọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ náà kúkú ń tẹ ewé, èso ń já lé e. Ariwo kan kì í lé ẹran. Èkejì tó bá tẹ̀ lé e bí ìrìn èèyàn ló ń lé e.

Ó kù díẹ̀ kí Bàbá gbé ìbọn ni atẹ́gùn yí padà láàárín òkè méjì. Ẹ̀yìn ọrùn ni mo ti mọ̀ ọ́n. Kí n tó ṣẹ́jú, àgbọ̀nrín ti gbó bí ajá, ó ti wọgbó lọ. Bàbá da eérú tó kù nù, ó ní ká lọ jẹ iyán.

Bí ewé bá ti gbẹ tán, èmi kì í rìn kiri mọ́. Ègùn, ibi ìjókòó ọdẹ lórí igi, ni mò ń gùn sẹ́bàá omi.

Mo ti ní kí àbúrò mi máa mú eérú lọ́wọ́. Ó ní iná mànàmáná làwọn fi ń dáná, níbo lòun ti fẹ́ rí eérú?