Wúrà ni ilà pupa yẹn, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀

Ẹ dé ilé kẹ́míìsì ní Ìkòròdú, ní Sábó tàbí ní Èbúté, ẹ ó gbọ́ ọ: ilà pupa tó yọ lójú ike àyẹ̀wò ibà, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gún níka ló dì síbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìtọ̀ ni wọ́n ń kán sí ti àyẹ̀wò oyún, ẹ̀jẹ̀ kankan kò sí níbẹ̀, síbẹ̀ ilà tirẹ̀ náà sábà máa ń pupa.

Wúrà ni. Hóró rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò ju bí 20 sí 40 nánómítà lọ, bẹ́ẹ̀ nánómítà 1,000,000 ló wà nínú mílímítà 1. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ègé tíńtín inú átọ̀mù, ń rìn fàlàlà nínú wúrà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan hóró tó kéré báyìí, gbogbo wọn á jùmọ̀ máa mì síwá-sẹ́yìn, bí omi korobá tí a rù lórí. Ẹni tó bá ti pọnmi rí mọ̀ pé ìrìn kan wà tó jẹ́ pé bí ẹsẹ̀ bá ti bọ́ sí i, omi á máa dà sílẹ̀. Ti hóró wúrà yìí ni ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé, tí ìgbì rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi 520 sí 530 nánómítà. Hóró náà yóò gbé ìmọ́lẹ̀ yìí mì, pupa ni ojú wa á rí. Ìmìjọ náà ni wọ́n ń pè ní plasmon. Ẹ̀gbà ọrùn tóbi ju kó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró ló ń gbé mì jù, ló fi ní àwọ̀ ìyeyè.

Ọmọ ogun ara (antibody) tí a so mọ́ hóró wúrà ló ń di èròjà tí kòkòrò ibà ń tú jáde mú. Wọ́n á kó jọ sójú ilà T, ìyẹn ilà àyẹ̀wò. Ilà C, tó ń fi hàn pé ike náà ṣiṣẹ́, ń mú wúrà, ibà wà o, kò sí o. Bí C kò bá yọ, ẹ sọ ike náà nù. T tó yọ fẹ́ẹ́rẹ́, ibà ni.

Ẹ̀jẹ̀ máíkírólítà 5 péré ni ọ̀pọ̀ ike ń fẹ́, kò tó ẹ̀kán kan. Ẹ má fi omi kànga tàbí píọ́ wọ́tà rọ́pò omi inú ìgò kékeré tó bá a wá. Ilà èké lè yọ. Iyọ̀ nìkan tó ba wúrà tí kò láàbò jẹ́: àwọn hóró á sọ ara wọn di ìṣù, ìmì wọn á pa pọ̀, omi pupa tí wọ́n wà nínú rẹ̀ á di aró lójú ẹsẹ̀. Àsìkò tí páálí bá kọ, ìṣẹ́jú 15 sí 20 lọ́pọ̀ ìgbà, ni kí ẹ kà á. Ilà tó bá yọ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má gbà á gbọ́.