Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ japa wá UK, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọpọlọ náà

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ ti ń ta mọ́tò ta ilẹ̀ nítorí físà, mi ò ní kẹ́ ẹ má wá o. Ṣùgbọ́n owó ilé, iṣẹ́ àti aṣọ òtútù nìkan lẹ ń bi wá, kò sẹ́ni tó ń béèrè bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé ọkàn ẹnì kan ti fẹ́ dàrú, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń gbé ọ̀pọ̀ ṣubú níbí.

Ẹ má retí pé ẹni náà á bọ́ra síhòòhò láàárín ìgboro kẹ́ ẹ tó mọ̀. Èmi àtọmọbìnrin kan jọ gbélé ní Manchester, iṣẹ́ kíà (care), ìyẹn títọ́jú arúgbó àti aláìlera, ló ń ṣe, àfínjú ni, gbogbo Sátidé ló máa ń se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan sí fíríìsà. Ó kọ́kọ́ jáwọ́ nínú ọbẹ̀ sísè, ó wá di bisikíìtì àti tíì. Yunifọ́ọ̀mù tó fi ṣiṣẹ́ mọ́jú ló tún fi ń sùn, bó bá dé láàárọ̀ á jókòó sórí àtẹ̀gùn, báàgì ṣì wà léjìká ẹ̀, títí ọ̀sán á fi pọ́n. Tí màmá ẹ̀ bá pè é lórí fídíò, kò ní gbé e, á wá fi voice note ránṣẹ́ pé "ẹ má bínú mà, mo wà lẹ́nu iṣẹ́", inú yàrá ló sì wà. Ìgbà tó ní àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń gbọ́ ohun tóun ń rò lọ́kàn ni mo bá a pe GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, mo sì tẹ̀ lé e lọ. Ara ẹ̀ ti yá báyìí, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn ará ilé ní ayé ló rán nǹkan sí i, wọ́n ní kó gbààwẹ̀ kó ṣàìsùn. Èmi náà ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹni tí ò sùn tí ò jẹun tẹ́lẹ̀, àìsùn á tún dá kún un ni!

Ẹ wò ó, ní Disẹ́ńbà ilẹ̀ ti ń ṣú ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ lè má rí oòrùn rárá, gbèsè wà nílẹ̀, ilé ń retí owó, àwọn tó gba físà iṣẹ́ kíà lẹ́yìn March 2024 ò sì lè kó ìyàwó tọmọ wá.

Ẹ̀rù pé wọ́n á gba físà lọ́wọ́ àwọn ló ń pa ọ̀pọ̀ lẹ́nu mọ́. Irọ́ ni, wọn kì í torí ìsoríkọ́ gba físà lọ́wọ́ èèyàn. Owó IHS, ìyẹn owó ìlera tí ọ̀pọ̀ ń san pẹ̀lú físà, £1,035 lọ́dún, £776 fún akẹ́kọ̀ọ́, ìtọ́jú ọpọlọ wà nínú ẹ̀, torí náà tẹ́ ẹ bá ti dé, ẹ tètè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP. Ní England, bí ọkàn bá fẹ́ dàrú, ẹ pe 111, nọ́ńbà ìlera ìjọba, kẹ́ ẹ tẹ 2, tọ̀sán tòru. Samaritans náà wà, ẹgbẹ́ tó ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn èèyàn lórí fóònù, 116 123, ọ̀fẹ́ ni.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ẹni tó bá ń pín ẹrù ẹ̀ fáwọn èèyàn, tó ń tọrọ àforíjì láìṣẹ̀, tó ń sọ pé "ẹ bá mi tọ́jú àwọn ọmọ". Ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ń rò ó láti pa ara ẹ̀, ìbéèrè yẹn ò ní kó èrò náà sí i lọ́kàn. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì UK. Àmọ́ téèyàn bá tẹ 999 ní Nàìjíríà, kò lè kan ọlọ́pàá UK o. Torí náà kẹ́ ẹ tó wọ bàálù, ẹ fi àdírẹ́sì yín pẹ̀lú postcode àti nọ́ńbà ẹnì kan tó ń gbé nítòsí yín sílẹ̀ fún ará ilé.