Kálísíọ̀mù kọ́ ló ń mú coralline hù nínú tánkì tuntun

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé tánkì ẹja olómi iyọ̀ kalẹ̀, ohun tí ojú rẹ̀ máa ń wá ni coralline, algae (ewé omi) elése àlùkò tó máa ń bo òkúta. Bí oṣù kan bá kọjá tí òkúta ṣì funfun báláú, ìmọ̀ràn tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kó ra kálísíọ̀mù, kó máa dà á sínú omi. Àwọn ọ̀rẹ́ á sọ ọ́, àwọn tó ń tà á náà á sọ ọ́. Kì í ṣe òótọ́, owó nìkan kọ́ ló sì ń bá a lọ. Omi pàápàá ń bàjẹ́.

Mo mọ ibi tí èrò náà ti wá. Ara ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní algae pupa ni coralline, inú ògiri sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ló ń kó kálísíọ̀mù kábónéètì sí títí yóò fi le gan-an bí òkúta. Linnaeus, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Sweden tó to àwọn ẹ̀dá alààyè lẹ́sẹẹsẹ, ka irú wọn mọ́ ẹranko. Ó di ọdún 1837 kí Philippi, ará Jámánì, tó fi hàn pé ewé omi ni wọ́n. Nítorí náà, ó ń lo kálísíọ̀mù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n pé nǹkan ń lò ó kò sọ pé kò sí nínú omi. Nínú lítà omi òkun kan, kálísíọ̀mù á tó mílígíráàmù 410 tàbí 420, iyọ̀ tánkì tó dára sì ti gbé iye yẹn wá látinú àpò. Ní gúúsù Bàhíà, lórí ilẹ̀ abẹ́ òkun Abrolhos ní Brazil, coralline tẹ́ sílẹ̀ tó nǹkan bí 20,900 kìlómítà níbùú lóròó, nínú omi òkun lásán.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí coralline bá ń kọ́ ara rẹ̀, bó bá ti mú mílígíráàmù 20 kálísíọ̀mù nínú lítà kan, alkalinity, ìyẹn ìwọ̀n kábónéètì tó wà nínú omi, á fi 2.8 dKH (ẹyọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n) dínkù. Ká ní tánkì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kálísíọ̀mù 420 àti alkalinity 9. Nígbà tí kálísíọ̀mù bá fi wà ní 400, tí kò sí ẹni tó máa fura, alkalinity ti já sí 6.2, ìyẹn ti kéré ju ti òkun lọ. Kábónéètì ló máa ń kọ́kọ́ tán! Bí ẹ bá wá ń da kálísíọ̀mù nìkan sí i, tó pọ̀ ju ohun tí omi lè gbà lọ, kálísíọ̀mù àti kábónéètì á para pọ̀, wọ́n á dì, wọ́n á sì rọ̀ sílẹ̀ bí ẹfun. Ẹ ó rí i lára hítà àti nínú pọ́ǹpù. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú alkalinity á tún bá a lọ. Nínú tánkì tuntun tí kò tíì ní coral, omi tí ẹ ń pààrọ̀ déédéé ti tó. Bó bá fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi kalkwasser, ìyẹn omi tí wọ́n po kálísíọ̀mù háídírókísáìdì sí, ń gbé kálísíọ̀mù àti alkalinity wá pọ̀ ní ìwọ̀n tó bára mu.

Kí ló wá kù? Irúgbìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi òkúta gbígbẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí, òkúta tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n sá, tó ti pẹ́ nínú páálí. Kò sí ohun alààyè kankan lára rẹ̀. Omi ẹ̀rọ àti iyọ̀ kò lè bí coralline. Coralline ló ń bí coralline. Ẹni tó ń da kálísíọ̀mù sórí irú òkúta bẹ́ẹ̀ ti kó búlọ́ọ̀kù jọ láì pe bíríkìlà. Ẹ tọrọ òkúta kékeré kan lọ́wọ́ ẹni tí tánkì rẹ̀ ti pẹ́, tàbí ìgbín òkun tí coralline ti wà lára ìkarawun rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó gbẹ lójú ọ̀nà. Ẹ lè ha díẹ̀ lára rẹ̀ sínú omi níwájú pọ́ǹpù, kí omi gbé e káàkiri.

Àwọn kan á ní iná tó mọ́lẹ̀ gan-an ló ń fẹ́. Rárá o. Ní ọdún 1985, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ròyìn coralline tó ń gbé ní mítà 268 nísàlẹ̀ òkun, nítòsí San Salvador ní Bahamas, níbi tí ìmọ́lẹ̀ tó ń débẹ̀ kò tó nǹkan.

Èyí tó tún ń dí i lọ́wọ́ ni fọ́sífeètì, èròjà tó ń tinú oúnjẹ ẹja wá, tó bá pọ̀ jù: ó ń dènà kálísíọ̀mù kábónéètì láti dì, ó sì ń bọ́ algae aláwọ̀ ewé tó máa gba orí òkúta mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ dín oúnjẹ ẹja kù, kí ẹ sì kó ìgbín tó ń jẹ algae sínú tánkì.

Bí owó kíìtì àyẹ̀wò kan ṣoṣo bá wà lọ́wọ́ yín, ti alkalinity ni kí ẹ rà. Ẹ máa wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó má máa lọ sókè sódò. Ó lè gba oṣù mélòó kan kí ẹ tó rí àmì kéékèèké àkọ́kọ́, lára pọ́ǹpù tàbí gíláàsì lọ́pọ̀ ìgbà, kó tó kan òkúta. Gíláàsì iwájú nìkan ni kí ẹ máa ha. Ẹ fi tẹ̀yìn àti tẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ fún un.